Àdéhùn Má-Bà-Mí-Lórúkọ-Jẹ́: Ilé Ẹjọ́ Ló Kàn, Kì Í Ṣe Àgọ́ Ọlọ́pàá

Ṣómólú ni ojúkò iṣẹ́ ìwé títẹ̀ l'Ékòó. Láti ibẹ̀ dé Bàrígà, ìgbẹ́kẹ̀lé ni ẹni tó ń tẹ̀wé, ẹni tó ń gé e àti ẹni tó ń dì í fi ń gbé iṣẹ́ fún ara wọn. Ìdí nìyí tí orúkọ rere fi ju owó lọ níbẹ̀. Bí aáwọ̀ bá wá bẹ́ sílẹ̀ láàárín aláṣepọ̀ méjì lórí ẹ̀rọ tàbí gbèsè, tí wọ́n sì fẹ́ parí rẹ̀, agbẹjọ́rò a máa fi gbólóhùn kan sínú ìwé àdéhùn wọn: ẹnì kan kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ẹnì kejì láìdáa mọ́.

Gbólóhùn náà wúlò. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ó sàn kí olúkúlùkù pa ẹnu mọ́, kó gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń fọwọ́ sí i láìmọ bó ti wúwo tó. Nínú ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́, ẹni tó bá fi hàn pé òtítọ́ lòun sọ ti bọ́. Nínú àdéhùn yìí, òtítọ́ pàápàá lè di gbèsè. Bí oníbàárà bá béèrè ìdí tí wọ́n fi pínyà, ìdáhùn kan péré lè kó ẹni tó fọwọ́ sí i sí wàhálà.

Bí ẹnì kan bá wá yẹ àdéhùn náà ńkọ́? Àgọ́ ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ ń sáré lọ. Àṣìṣe ńlá ni. Abala 32 òfin iṣẹ́ ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Ilé ẹjọ́ ló lè pàṣẹ kí aládèéhùn dákẹ́, tàbí kó san owó gbà-má-bínú. Àdéhùn tí wọ́n bá ṣe ní Lagos Multi-Door Courthouse, tó ti ń báni parí aáwọ̀ láti ọdún 2002, a máa lágbára bí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga bí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí i.

Síbẹ̀, ó yẹ kí àdéhùn náà ní ààlà. Kó de tọ̀tún tòsì. Kó ní iye ọdún. Kó sọ irú ọ̀rọ̀ tí ó kà léèwọ̀. Kí owó ìtanràn inú rẹ̀ má sì kọjá àdánù tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀, torí ilé ẹjọ́ kì í bá ènìyàn gba owó ìfìyàjẹni. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kó má dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti jẹ́rìí nílé ẹjọ́ tàbí láti fi ọ̀ràn tó ìjọba létí. Oníṣòwò kékeré tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ lọ́jọ́ ìparí aáwọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè gbogbo èyí kó tó ti ọwọ́ bọ̀wé.