Ẹ Má Tètè Yin Abẹ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtẹ́ Irun ní Ìdí

Kò sí àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí í yin oko èkan ní ọjọ́ tí a ro ó tán. Ilẹ̀ a mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n a dúró de òjò tí ń bọ̀ kí ó tó sọ pé gbòǹgbò ti tán nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a máa ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ abẹ tí a ń ṣe sí àrùn kan tí ojú ń ti àwọn ọ̀dọ́ láti sọ, èyíinì ni ìtẹ́ irun tí í wà ní ìlà àárín ìdí, nítòsí ibi tí egungun ẹ̀yìn parí sí.

Pilonidal ni Hodges, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, sọ ọ́ ní ọdún 1880. Ìtẹ́ irun ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Látìnì. Irun tí ó já a máa wọ inú awọ lọ níbi tí òógùn ti mú un rọ̀ tí ìjókòó sì ń tẹ̀ ẹ́. Ihò wẹ́wẹ́ a yọ, irun a kó jọ sínú rẹ̀. A wú bí eéwo, a tu ọyún, a dà bí ẹni pé ó san, a sì tún padà. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 40 ni ó sábà máa ń mú, ó sì ń mú ọkùnrin ju obìnrin lọ. Kò wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú bí ó ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n àìwọ́pọ̀ kì í ṣe àìsí, ohun tí kò sì wọ́pọ̀ ni a máa ń ṣì mú fún eéwo lásán.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láàárín ọdún 1941 sí 1945, bí 80,000 ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ni àrùn yìí gbé dé ilé ìwòsàn. Nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ tí ń mì wọ́n jìgìjìgì, oníṣègùn Buie pè é ní àrùn Jeep ní ọdún 1944. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ìgbà náà gbà pé a bí i mọ́ ènìyàn ni. Nítorí náà wọn a gé ẹran ara náà kúrò títí dé egungun. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin alágbára fi dùbúlẹ̀, àwọn mìíràn sì tún padà wá pẹ̀lú egbò kan náà.

Ní ọdún 1948 ni Patey àti Scarff, àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa irú àrùn yìí kan náà láàárín ìka ọwọ́ onígbàjámọ̀. Irun àwọn tí ó ń gẹ̀ ni ó wọ ọwọ́ rẹ̀. A ti rí i pẹ̀lú lọ́wọ́ àwọn tí ń fún wàrà màlúù àti àwọn tí ń rẹ́ irun àgùntàn. Ta ni a lè bí pẹ̀lú irun màlúù láàárín ìka? Bí irun bá ń ti òde wọlé, gígé jinlẹ̀ nìkan kò lè dí ọ̀nà rẹ̀.

Karydakis, oníṣẹ́-abẹ ọmọ-ogun ilẹ̀ Gíríìsì, fi ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́. Ó ń rán ojú ọgbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kì í ṣe sí àárín gan-an, kí ìlà ìdí má baà jìn mọ́, kí àpá má sì bọ́ sí ojú ọ̀nà irun. Ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1973. Nígbà tí ó tún kọ̀wé ní ọdún 1992, ó ti ṣe é fún ènìyàn tí ó lé ní 6,000, àwọn tí àrùn náà padà sí lára kò sì tó 1 nínú 100. Ní ọdún 2018, àwọn oníṣègùn kan kó ìròyìn láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ jọ. Wọ́n rí i pé bí a bá rán ọgbẹ́ sí àárín, ní ọdún kìíní ìwọ̀nba díẹ̀ ni àrùn náà ń padà sí lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 10 bá fi pé, ó tó bí ẹnì kan nínú mẹ́ta. Pẹ̀lú ọ̀nà ti Karydakis àti èyí tí ó jọ ọ́, bí 3 nínú 100 ni.

Àwọn kan yóò wí pé àrùn kékeré, abẹ kékeré ni ó yẹ ẹ́. Èmi kò jiyàn. Ẹni tí ihò rẹ̀ kò dùn ún kò nílò abẹ rárá. Ẹni tí tirẹ̀ kò pọ̀ lè gba iṣẹ́ kékeré kí ó sì tètè padà sí ẹnu iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè padà. Ṣùgbọ́n kí a sọ fún un ṣáájú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo bá wíjọ́. A yọ okùn rírán, a wí pé ó ti jinná, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ọkùnrin náà mọ́. Bí egbò bá tún sú ní ọdún kẹrin, ìtìjú a mú un lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Oníṣẹ́-abẹ àkọ́kọ́ a sì máa kà á mọ́ àwọn tí ó ti mú lára dá.

Nítorí náà, kí ilé ìwòsàn kọ orúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì béèrè aláìsàn ní ọdún 1, ọdún 5, àti ọdún 10. Kí aláìsàn pẹ̀lú béèrè kí abẹ tó kàn án pé: Níbo ni àpá yóò wà? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni n óò fi kúrò ní oko? Nínú àwọn tí ẹ ti ṣe é fún, mélòó ni ó padà sí lára lẹ́yìn ọdún 5? Lẹ́yìn abẹ, kí ó máa wẹ ibẹ̀ mọ́, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí irun má ṣe kó jọ síbẹ̀, kí ó má sì jókòó pẹ́ jù.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láìsí ìtìjú; ẹ̀yin oníṣègùn, ẹ dúró de òjò tí ń bọ̀ kí ẹ tó yin oko.