Ìbàdàn sí Àbújá: Wákàtí kan lókè, odidi ọjọ́ kan nílẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ṣírò kan. Lójú òfurufú, nǹkan bí 430 kìlómítà ló wà láàárín Ìbàdàn àti Àbújá. Bàálù á lò tó wákàtí kan. Lójú títì, ó ju 500 kìlómítà lọ, ó sì lè gba wákàtí mẹ́wàá, ká má tíì sọ ti ẹ̀rù àwọn ajínigbé. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́, bàálù ló máa wọ̀, àbí?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ní ìpàdé iṣẹ́ kan ní Àbújá ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù aago mọ́kànlá. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo ti kúrò ní Bódìjà, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road má bàa ká mi mọ́. Mo dé Alákìá, wọ́n ní bàálù ò tíì dé. Aago méjìlá lù, aago kan lù. Ìgbà tá a fi gbéra, aago mẹ́ta ti kọjá. Iṣẹ́ yẹn bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, a ò lò tó wákàtí kan lókè o!

Kí ló ń fà á? Bàálù kan náà lè ná ìlú mẹ́ta, mẹ́rin lóòjọ́. Bó bá pẹ́ ní ìlú àkọ́kọ́ láàárọ̀, gbogbo ìlú tó kù ló máa jẹ níbẹ̀. Ní Ìkẹjà, bí ọ̀kan bá já yín kulẹ̀, ẹ lè rí òmíràn láìpẹ́. Ní Alákìá, bàálù ò pọ̀. Bí ọ̀kan bá kọ̀, ó lè di ọ̀la. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ará Challenge àti Ring Road fi ń gba òpópónà márosẹ̀ Èkó, ohun tó lé ní 120 kìlómítà, lọ wọ bàálù ní Ìkẹjà. Wọ́n ń lọ sí gúúsù kí wọ́n tó lè lọ sí àríwá.

Òfin ò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlànà àjọ NCAA sọ pé bí bàálù abẹ́lé bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, ilé iṣẹ́ tó ni ín gbọ́dọ̀ fún èrò ní ìpanu. Bó bá di wákàtí méjì, èrò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó rẹ̀ padà. Èmi tí mo kàwé òfin jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò béèrè. Ká sọ òótọ́, kí ni mo fẹ́ fi owó náà ṣe nígbà tí kò sí bàálù míì?

Ìjọba Gómìnà Seyi Makinde ti gùn lé iṣẹ́ láti sọ pápákọ̀ òfurufú Samuel Ladoke Akintola di ti àgbáyé. Ó dára, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n kó tó kan Lọ́ńdọ̀nù àti Mẹ́kà, kí ìjọba bá àwọn ilé iṣẹ́ bàálù dúnàá-dúrà: ó kéré tán, kí ọ̀kan máa lọ Àbújá láàárọ̀, kí òmíràn máa lọ nírọ̀lẹ́. Kí wọ́n sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri Alákìá lóṣooṣù, iye bàálù tó gbéra lákòókò àti iye tó pẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, bó bá ti di wákàtí méjì, ẹ má kàn máa kùn lórí fóònù. Ẹ dìde, ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín.