Ojú-Ewé Kan Lójúmọ́: Èsì sí Ọmọbìnrin Ajah tí ó Fẹ́ Di Òǹkọ̀wé



 Nínú àwọn ìwé tí ó tẹ̀ wá lọ́wọ́ li ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀kan wá láti Ajah tí a kà lẹ́ẹ̀mejì kí a tó gbé e kalẹ̀. Ọmọbìnrin kan li ó kọ ọ́. Nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ọ̀pọ̀ ilé, àti òbí àti ọmọ, a rò pé ó yẹ kí a dá a lóhùn ní gbangba, kí a sì fi orúkọ rẹ̀ pamọ́.

Ọmọ náà wí pé akọ̀wé li òun ní ilé-iṣẹ́ kan ní Lekki. Agogo márùn-ún ìdájí li òun ń jáde kúrò ní ilé nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ tí ó wà li ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí òun tó tún padà dé abẹ́ afárá Ajah. Láti kékeré ni ìwé kíkọ ti wù ú. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn mẹ́ta, kò sì parí ọ̀kan. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nísisìyí jẹ́ ìtàn ọmọge kan ní ìlú Paris, ìlú tí òun fúnra rẹ̀ kò dé rí. Ó ń fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí oṣù kí ó ba lè ráyè kọ̀wé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ẹni tí ó fi owó ẹja yíyan rán an ní ilé-ìwé, ó bú sí ẹkún, ó ní, “Ta ni ìwé kíkọ bọ́ yó rí?” Láti ọjọ́ náà, ìkíni òwúrọ̀ nìkan ni ìyá àti ọmọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà li ó fi gbólóhùn kan kún un, bí ẹni pé kò já mọ́ nkankan: pé ìyá ìyá òun ń gbé pẹ̀lú wọn, àti pé kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ ní Maroko ṣì wà ní ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni a sì ti wó ilé náà láti ọdún 1990. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí kọ́kọ́rọ́ yìí. A óò padà sí orí rẹ̀.

Ọmọ mi, gbọ́ èsì mi. Má ṣe fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Má sì ṣe fi ìwé kíkọ sílẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì lè gbé inú ilé kan, bí ìwọ bá mọ bí a ti ń pín àkókò fún wọn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Wo àwọn tí ó ti rìn li ọ̀nà yìí ṣáájú rẹ. Olóyè D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, olùkọ́ ilé-ìwé ni nígbà tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ilé ìtẹ̀wé C.M.S. tẹ̀ jáde li ọdún 1938. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, ilé-ìwé rẹ̀ dúró nígbà tí bàbá rẹ̀ kú li ọdún 1939. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ; lẹ́hìn ogun Hitler, ó di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba li Èkó. Nígbà tí kò bá sí ibi tí a óò rán an, a máa jókòó, a sì máa kọ ìtàn sí orí pépà. Ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní London li ọdún 1952, ó sì kárí aiyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ lẹ́hìn èyí. Ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn.

Bí ìwọ bá wí pé ọkùnrin li àwọn wọ̀nyí, mo ní obìnrin kan fún ọ. Buchi Emecheta, tí a bí li Èkó li ọdún 1944, bá ọkọ rẹ̀ gbé ní London. Ó kọ ìwé kan, ọkọ náà sì sọ ọ́ sí iná. Ó kúrò li ọ̀dọ̀ ọkọ pẹ̀lú ọmọ márùn-ún, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kàwé, a sì máa jí li ìdájí láti kọ̀wé kí àwọn ọmọ tó jí. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde li ọdún 1972. Èyí tí iná jó ńkọ́? Ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì jáde li ọdún 1976 pẹ̀lú orúkọ The Bride Price. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́ta yìí tí ó dúró de ìgbà tí àyè yíò ṣí sílẹ̀ fún un. Inú ìhá ni nwọ́n ti kọ̀wé.

Ìwọ yíò wí pé, “Bàbá, nígbà wo ni kí n kọ ọ́?” Ojú ọ̀nà náà gan-an tí ìwọ ń bú ni mo fẹ́ kí o lò. Láti Ajah dé Lekki, nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ní Ìkòtà, tí ó tún dúró ní Jakande, ìlàjì wákàtí kan ha ṣòro láti yọ nínú rẹ̀ bí? Ra ìwé pélébé kan tí ó lè wọ inú àpò rẹ, tàbí kí o kọ ọ́ sínú fóònù rẹ. Kọ ojú-ewé kan péré lójúmọ́, li ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Ní 50 ọ̀sẹ̀, yíò di 250 ojú-ewé, èyí tí í ṣe odindi ìwé. Ẹni tí ó bá ń dúró de ọjọ́ tí ó gbòòrò, ọdún yíò yí po, kò ní rí ju orí kìn-ín-ní lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Ohun kejì ni pé kí o kọ́ láti parí. Nínú ìtàn mẹ́ta, ìwọ kò parí ọ̀kan, nítorí pé òkè tí o dojú kọ ga jù fún ẹsẹ̀ tí kò tíì lágbára. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn olójú-ewé mẹ́ta. Parí rẹ̀, kí o tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àwọn ìwé ìròhìn li ó kọ́ àwọn bàbá wa li ẹ̀kọ́ yìí. Láti oṣù keje ọdún 1929 títí di oṣù kẹta ọdún 1930, Ọ̀gbẹ́ni I. B. Thomas ń tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan tí ó pè ní Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròhìn rẹ̀, Akéde Èkó. Nwọ́n dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé fi gbà pé ènìà ẹlẹ́ran ara ni Sẹ̀gilọlá, bẹ́ẹ̀ sì ni Ọ̀gbẹ́ni Thomas fúnra rẹ̀ li ó ń kọ ọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í dúró de ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò tíì fẹ́. Bí ọjọ́ ìwé ìròhìn bá pé, lẹ́tà gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Báyìí ni ìwé náà ṣe parí, tí a sì dì í pọ̀ li ọdún 1930. Ìwọ náà, dá ọjọ́ fún ara rẹ, kí o sì wá ẹnì kan tí yíò máa bèèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ bí ọjọ́ náà bá pé.

Nísisìyí, a padà sí orí kọ́kọ́rọ́.

Ọmọ mi, ojú-ewé mẹ́rin ni ìwé tí o kọ sí mi. Nínú gbogbo rẹ̀, gbólóhùn kan náà ni kò kúrò li ọkàn mi: arúgbó kan tí ó so kọ́kọ́rọ́ ilé tí kò sí mọ́ mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ. Kí ni ìwọ ń wá lọ sí Paris?

Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó, li abẹ́ Gómìnà Raji Rasaki, fún àwọn ará Maroko li ọjọ́ méje kí nwọ́n kó jáde. Li ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, katakata wọlé. Nkan bí 300,000 ènìà li a lé kúrò li orí ilẹ̀ náà. A kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí Ilasan àti Ìkòtà, nínú àwọn ilé tí a kò tíì kọ́ parí. Àwọn ìyókù fọ́n ká bí ìyàngbò. Ìwọ ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá nígbàkígbà tí o bá ń lọ sí Victoria Island, o sì ń wo àwọn ilé gíga tí ó wà níbẹ̀ bí ẹni pé láti ìṣẹ̀dálẹ̀ aiyé ni nwọ́n ti wà.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ẹnikẹ́ni lè sọ ọ́. Ohun tí ẹlòmíràn kò lè sọ ni ohun tí ìyá àgbà mọ̀. Jókòó tì í li ọjọ́ ìsinmi. Má ṣe bi í pé, “Kí li ó ṣẹlẹ̀?” nítorí ìbéèrè tí ó tóbi báyìí a máa dí ènìà li ẹnu. Bi í pé: Ilé ta li ó wà li ọwọ́ òsì ilé nyín? Kí ni ẹ ń sè li òwúrọ̀ ọjọ́ náà? Kí ni ẹ kọ́kọ́ gbé jáde? Kí ni ẹ gbàgbé? Kí ló dé tí ẹ fi ti ìlẹ̀kùn kí ẹ tó lọ? Kọ èsì rẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, pẹ̀lú èdè ẹnu rẹ̀, má ṣe tún un ṣe. Bí ó bá sọkún, gbé kálámù kalẹ̀, kí o sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí ó bá ní kí o má ṣe kọ nkan kan, má ṣe kọ ọ́.

Kò yẹ kí èyí pẹ́. Bàbá mi àgbà mọ orúkọ gbogbo ẹja inú ọ̀sà, ó sì mọ oṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wá. Li ọdọọdún ni mo ń wí pé, “Bí mo bá tún wálé, èmi yíò kọ ọ́ sílẹ̀.” Nígbà tí mo mú ìwé àti kálámù dé li ọjọ́ kan, ìsìnkú rẹ̀ ni mo bá. Àwọn orúkọ náà bá a lọ. Ní ìhà tiyín, ilẹ̀ ń yí padà kíákíá, láti Ajah lọ dé Ìbẹ̀jú, níbi tí a ṣí èbúté ńlá sí li ọdún 2023. Àwọn apẹja Badore ṣì wà. Àwọn tí ó mọ bí etí omi ti rí kí títì tó dé ṣì wà. Nwọn kì yíò wà títí.

Nípa ti èdè, má ṣe fojú kéré àmì ohùn. Obìnrin tí ó fẹ́ kọ ọ́ pé “ọkọ̀ mi ti bàjẹ́,” tí ó sì kọ “ọkọ mi ti bàjẹ́,” ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Ka ìwé àwọn àgbà sókè kí etí rẹ ba lè gbọ́ bí gbólóhùn ti ń rìn. Nígbà tí o bá sì kọ tìrẹ tán, fi í pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o tó tún un kà. Tutùọlá fi ọjọ́ díẹ̀ kọ ìtàn ọ̀mu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lo nkan bí oṣù mẹ́ta láti tún un kọ. Kíkọ ni ìbẹ̀rẹ̀. Àtúnkọ ni iṣẹ́.

Bí ó bá kan ti owó, má ṣe retí rẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n má ṣe sọ ẹ̀tọ́ rẹ nù. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2022 lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé fi ìwé rẹ sí ọwọ́ rẹ níwọ̀n ìgbà tí o bá wà láàyè, ó sì fi í sí ọwọ́ àwọn àrólé rẹ fún 70 ọdún lẹ́hìn rẹ. Nítorí náà, má ṣe fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí o kò kà tán.

Ẹ̀nyin ìyá ọmọ yìí, mo kí nyín. Ìbẹ̀rù nyín kì í ṣe ìbẹ̀rù asán. Ẹni tí ó dúró nínú èéfín kí ọmọ ba lè kàwé kò lè fẹ́ kí ọmọ náà padà sínú ebi. Ọmọ kò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ nyín ni ìlàjì wákàtí kan li alẹ́ Sátidé, tí ẹnikẹ́ni kì yíò rán an níṣẹ́. Kí òun kí ó wá ka ohun tí ó kọ sí etígbọ̀ọ́ nyín. Ìtàn ìyá tí ó bí nyín ni. Bí ó bá ṣì í sọ, ẹ̀nyin ni yíò mọ̀.

Ọmọ mi, kí oṣù tí ḿbọ̀ tó parí, fi ojú-ewé mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi. Kọ́kọ́rọ́ náà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Èmi ni yíò máa bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ḿbọ̀.