Ẹ Má Pa STP, Ẹ Yan Olórí Fún Un

Mo ra switch àlòkù mẹ́ta láti fi kọ́ṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì nílé. Méjì ń lo RSTP; ẹ̀kẹta, àgbà wọn, STP àtijọ́ nìkan ló mọ̀. Mo so wọn pọ̀ yíká, kí ọ̀nà míì lè wà bí waya kan bá já.

Ìyọnu dé. Bí mo bá dá waya kan padà sára àgbà yẹn, íntánẹ́ẹ̀tì á dákẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Inú bí mi, mo pa STP lórí gbogbo wọn. Ha! Ìsọfúnni bẹ̀rẹ̀ sí í yí po láìdúró, iná ń ṣẹ́jú wìrìwìrì, nẹ́tíwọ̀kì kú. Àbúrò mi sì wà lórí fídíò, wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún iṣẹ́!

Ẹ gbọ́, STP kọ́ ló jẹ̀bi. Radia Perlman ṣe é ní 1985 kí irú ìyípo bẹ́ẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀. Switch tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ló ń jẹ olórí. Ṣùgbọ́n 32768 ni gbogbo tèmi gbé dání, nítorí náà àdírẹ́ẹ̀sì MAC ló dá ẹjọ́, àgbà sì wọlé. Òun sì rèé, ó ń fi ìṣẹ́jú àáyá 15 gbọ́, ó ń fi 15 kọ́, kó tó ṣílẹ̀kùn.

Mo fi 4096 fún switch tuntun kan, ó di olórí. Mo so waya méjì sáàárín àwọn tuntun, mo fi ẹyọ kan so àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní báyìí, bí mo yọ ọ̀kan nínú waya méjì yẹn, ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà tó bá ẹ̀rọ wá yan olórí fún yín.