Ọ̀NÀ TÓ Ń GBÉ ỌJÀ WA WÁ: Ẹ JẸ́ KÁ MỌ NỌ́ŃBÀ RẸ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà tó wọ ọjà náà, ta ló ni wọ́n?

Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, tí tírélà àlùbọ́sà sùn sójú ọ̀nà, tí tòmátì jẹrà nínú apẹ̀rẹ̀, àwa la máa ń ru àdánù. Bí a bá ké lọ sí káńsù, wọ́n á ní ti gọ́mìnà ni. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ gọ́mìnà, wọ́n á ní ti Àbújà ni. Èrò tiwa ni pé ẹ̀bẹ̀ wa ò ní ìjánu. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ti ọ̀nà, nọ́ńbà rẹ̀ ni.

Nọ́ńbà náà ò le rárá. Ọ̀nà àgbà mẹ́rin ló lọ láti gúúsù sí àríwá, láti ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. A1 gbéra ní Èkó, ó gba Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Jẹ́bà lọ sí Sókótó. A2 gba Bìní, Lọ́kọ́jà àti Kàdúná lọ sí Kánò. A3 ti Port Harcourt gba Ẹnúgù àti Jọ́ọ̀sì. A4 ti Calabar gba Yólà.

Ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ ní òǹkà mẹ́ta. Méjì àkọ́kọ́ ló ń sọ ọ̀nà àgbà tó so pọ̀. A122 láti Ìbàdàn, tó gba Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ dé Bìní, ó so A1 mọ́ A2. A121 tó gba Ìjẹ̀bú-Òde àti Òrè lọ sí Bìní, bákan náà ni. A232 láti Bìní gba Onitsha lọ sí Ẹnúgù, A2 ló so mọ́ A3. Ṣé ẹ rí i báyìí? Bí dírẹ́bà bá pè yín pé ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà Bìní, èwo nínú méjèèjì? Òrè ni ẹ máa rán èèyàn lọ ni, àbí Ọ̀wọ̀?

Lẹ́tà iwájú rẹ̀ ló ń sọ ẹni tó ni ín. A jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. F náà tiwọn ni, ti ìpínlẹ̀ ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbà á. B jẹ́ ti ìpínlẹ̀, C sì jẹ́ ti káńsù. FERMA, tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ ní 2002, ló ń tún ti ìjọba àpapọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ti káńsù ló pọ̀ jù nílẹ̀ wa. Ọ̀nà oko tí gààrì àti ata wa ń gbà jáde, alága káńsù ni ká lọ bá, kì í ṣe Àbújà.

Àwọn kan á ní nọ́ńbà ò dí kòtò. A gbà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí 2017, nígbà tí omi wó afárá Tátábù láàárín Mokwa sí Jẹ́bà, tí ọkọ̀ òkè Ọya ò lè kọjá. A1 nìyẹn, ti ìjọba àpapọ̀ pátápátá. Ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní fi ọjọ́ kan ṣòfò ní ọ́fíìsì ẹlòmíràn.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá ń kọ̀wé lórí ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká kọ nọ́ńbà rẹ̀, ìlú méjì tó wà láàárín wọn, àti abúlé tó sún mọ́ kòtò náà jù. Ká fi ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́. Ẹ̀yin ìjọba náà, ẹ kọ nọ́ńbà sára pátákó ojú ọ̀nà gàdàgbà, kí dírẹ́bà àti ìyá ọlọ́jà lè rí i kà. Ẹ ò lè sọ ọmọ lórúkọ kẹ́ ẹ wá fi orúkọ náà pa mọ́ sínú fáìlì.

Ọkọ̀ wa ò ní dànù o. Ọjà á tà, a ó sì jèrè rẹ̀.