Ìpanumọ́ Ọmọdé Kọ́ Ni Ìfarabalẹ̀

Gbogbo ẹni tó ti lọ ṣe TP ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mọ àṣẹ yìí: "Ẹ fi ìka lé ètè!" Lójú ẹsẹ̀, kíláàsì á pa lọ́lọ́. Olùkọ́ á rò pé ara àwọn ọmọ ti balẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ lè fi ìka lé ètè kí ọkàn rẹ̀ máa gbá bọ́ọ̀lù níta. Ẹnu ni pàṣán ń pa mọ́, kì í la etí.

Kí a tó pe ọmọ ní alágídí, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, ṣé ó ti jẹun? Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta ni wọ́n ṣe é fún. Ṣé ebi kì í pa ọmọ kíláàsì kẹrin ni?

Èkejì, ṣé ó gbọ́ èdè tí a fi ń kọ́ ọ? Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ á wá nǹkan mìíràn ṣe: á ya àwòrán sẹ́yìn ìwé, á já ẹnìkejì rẹ̀ ní èékánná, tàbí kó sùn lọ. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, wọn ò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ìlànà èdè abínibí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, wọ́n ti fagi lé e ní 2025. Ta ni yóò sọ̀rọ̀ bí àwa tí à ń kọ́ Yorùbá bá dákẹ́?

Ẹ̀kẹta, ìgbà wo ló ti nara gbẹ̀yìn? Ara ọmọdé kò ṣe é dè mọ́ bẹ́ǹṣì fún wákàtí méjì. Ẹ ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kí wọ́n mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ wá ké "Ààlọ́ o!" Bí wọ́n ṣe ń dáhùn "Ààlọ̀!" ni ọkàn wọn ń padà wálé. Àlọ́ àpamọ̀ méjì péré, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní kíláàsì tí ọmọ ọgọ́ta wà kò gba irú eré bẹ́ẹ̀. Kíláàsì bẹ́ẹ̀ gan-an ló nílò rẹ̀ jù, torí ohùn kan lè kó ọgọ́ta ọmọ jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Pàṣán kan kò lè nà wọ́n tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra TP, ẹ fi pàṣán sílẹ̀. Ẹ kọ àlọ́ mẹ́wàá sínú ìwé iṣẹ́ yín kí ẹ tó lọ.