Ìwé Kan, Èdè Méjì: Ó Yẹ Kí Ìyá Àgbà Náà Rí I Kà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí lápapọ̀, ọ̀rọ̀ ilé ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni a ti lọ mú un wá. Ó dá lórí àwọn ìwé ọmọdé alàwòrán tí wọ́n ń fi èdè Sípéènì àti èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ pa pọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú èyí tí ọmọdé ti ń kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ ìyá, bàbá, ìyá àgbà àti ará àdúgbò. Àwọn kan láàárín wa gbà pé bí a bá ti lè fi Gẹ̀ẹ́sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ Yorùbá nínú ìwé ọmọdé, a ti gbé ẹran fún ajá ṣọ́ nìyẹn. Èrò tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 1975 ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Harriet Rohmer dá ilé ìtẹ̀wé Children's Book Press sílẹ̀ ní San Francisco, ní ìpínlẹ̀ California. Ohun tó fà á kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní àdúgbò Mission, níbi tí àwọn tó ṣí wá láti Mẹ́síkò àti àwọn orílẹ̀-èdè ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ sí. Ó wo àwọn ìwé tí wọ́n ń kà fún àwọn ọmọ náà, kò sì rí èyí tó jọ ilé wọn níbẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé tó ní àwòrán mèremère, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì jọ wà nínú rẹ̀. Ní 2012, ilé ìtẹ̀wé mìíràn tó ń jẹ́ Lee & Low, ní New York, ra ilé iṣẹ́ náà, ìwé tó ti wà látijọ́ kò sì kú.

Èyí tí a fẹ́ràn jù nínú wọn ni ti Carmen Lomas Garza, èyí tó jáde ní 1990. Family Pictures ni orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, Cuadros de familia ní Sípéènì. Ìlú Kingsville ní Texas ni wọ́n bí obìnrin yìí sí ní 1948, ohun tó sì ṣe nínú ìwé náà kò ju pé ó ya àwòrán ilé wọn, ó sì sọ ohun tó ń lọ nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ọ̀kan: ìyá àgbà ń fi ọwọ́ yí adìẹ lọ́rùn lẹ́yìnkùlé, àwọn ọmọ dúró, ẹnu yà wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ìyá àgbà ń sin adìẹ, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ń jẹ adìẹ. Bí ti àkọ́kọ́ ṣe ń di ti ìkejì ni wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn ayé rẹ̀?

Ẹ tún wo èyí tí wọ́n ti ń ṣe tamale, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń fi háhá àgbàdo dì bí àwa ti ń fi ewé di ọ̀lẹ̀. Gbogbo ìdílé ló péjọ sí ilé ìdáná. Carmen àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń bá bàbá àgbà rẹ háhá sínú omi. Ìyá wọn ń tẹ́ ìyẹ̀fun pípò sórí rẹ̀, àwọn ìbátan ń fi ẹran sí i, ìyá àgbà sì ń to èyí tó ti parí sílẹ̀ fún sísè. Kò sí ẹni tó dìde nínú àwòrán yẹn láti sọ pé òun fẹ́ kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Ọwọ́ ọmọ wà nínú omi, ojú rẹ̀ wà lára àgbà, iṣẹ́ ń lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwa náà ṣe kọ́ bí a ṣe ń po àkàrà, tí a fi mọ ìgbà tí èlùbọ́ gbẹ tó. Níbòmíràn nínú ìwé náà, bàbá àgbà àti ìyá Carmen ń gé ewé igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí wọ́n ń pè ní nopal fún sísè. Ẹni tí kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn á rò pé ẹ̀gún lásán ni.

Ní ti èdè, ohun tó dùn wá jù rèé. Láti 1918 títí di 1969, òfin ìpínlẹ̀ Texas sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí olùkọ́ ilé ìwé ìjọba máa fi kọ́ ọmọ. Kò mọ sí inú kíláàsì nìkan o; wọ́n ń na ọmọ, wọ́n ń dá a dúró lẹ́yìn ìparí ilé ìwé, nítorí pé ó sọ Sípéènì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi eré. Garza fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ síta pé òun jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ǹjẹ́ ó ṣàjèjì sí yín? Àwa tí wọ́n gba náírà lọ́wọ́ wa nítorí pé a sọ «fanákúlà», tí wọ́n so páálí mọ́ ọmọ ẹlẹgbẹ́ wa lọ́rùn, kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bí ara ṣe ń ta ọmọ ọlọ́mọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé èdè alágbàtọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọmọ onílé ló sì ń jẹ ìyà nítorí rẹ̀. Nígbà tí Garza wá dàgbà, kò kọ ìwé ẹ̀sùn. Ó gbé èdè tí wọ́n nà án lé lórí, ó fi sí ojú ewé kan náà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí ọmọ máa kà á.

Kì í ṣe ìdílé nìkan ní ń kọ́ ọmọ. Gloria Anzaldúa, ọmọ Texas bákan náà, kọ Friends from the Other Side ní 1993. Nínú ìwé yìí, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Prietita bá Joaquín ṣọ̀rẹ́, ọmọkùnrin tó bá ìyá rẹ̀ sọdá odò wá láti Mẹ́síkò láìní ìwé àṣẹ. Àwọn ọmọ mìíràn ń fi ọmọ náà ṣẹ̀sín, Prietita dá wọn lẹ́kun. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè dé àdúgbò, ilé ìyá oníṣègùn kan ni wọ́n ti rí ibi sá sí. Ìyá yìí kan náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Prietita ní ewé àti egbò. Ẹ kíyè sí i pé ìwà ló kọ́kọ́ wò lára ọmọ náà kó tó fi ewé hàn án. Àgbà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Olùkọ́ ilé ìwé náà wà lára àwọn tó ń kọ́ ọmọ, a kò gbọdọ̀ gbàgbé wọn: nínú The Upside Down Boy tí Juan Felipe Herrera kọ ní 2000, ọmọ àgbẹ̀ alágbàṣe kan dé ilé ìwé ìlú ńlá, ohun gbogbo dojú rú fún un, olùkọ́ kan ló sọ fún un pé ohùn rẹ̀ dára. Ní 2015, wọ́n fi Herrera jẹ akéwì àgbà fún gbogbo Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dá àwọn alátakò lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Wọ́n ní bí èdè méjì bá wà lójú ewé kan, èyí tó rọrùn ni ojú ọmọ ń tọ̀. Èkejì á wá dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a kàn so mọ́ ọrùn. Òótọ́ ni. A ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì gbòòrò lókè, tí èdè kejì kúnlẹ̀ nísàlẹ̀ bí ẹrú, tí lẹ́tà rẹ̀ kéré, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì dán mọ́rán. Ìwé tí a ṣe báyẹn kò wúlò. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ fẹ́ kí a fi rọ́pò rẹ̀? Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló lè kà kò ní ṣí ìwé tí Yorùbá nìkan wà nínú rẹ̀, ìyá àgbà tí Yorùbá nìkan ló gbọ́ kò sì ní lè bá a ka èyí tó mú bọ̀ láti ilé ìwé. Ìwé elédè méjì ló lè mú kí àwọn méjèèjì jókòó sórí ẹní kan náà. Bí ìyá àgbà kò bá tilẹ̀ mọ̀wé, bí a bá kà á sí i létí, á tún un sọ lọ́nà tó dára jù bí a ti kọ ọ́ lọ.

Ní Kúbà, láàárín àwọn ọmọ ìran wa tí wọ́n ń pè ní Lukumí, àwọn àgbà òrìṣà ní ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ awo: ọ̀rọ̀ wa lápá kan, Sípéènì lápá kejì. Kò sí ilé ìwé tó kọ́ wọn ní Yorùbá, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ki Ṣàngó, wọ́n ṣì ń ki Ọ̀ṣun. Sípéènì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò pa á; òun ló bá wọn di í mú.

Ọ̀nà ìjọba ní tirẹ̀, ẹni tó bá gbára lé e á sùn sójú ọ̀nà. Ní 1968, Ààrẹ Johnson, tó ti fìgbà kan rí kọ́ ọmọ àwọn ará Mẹ́síkò ní Cotulla, fọwọ́ sí òfin tó gbé owó kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ elédè méjì. Ní 1998, àwọn olùdìbò California fi ìbò dí ọ̀nà rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wọn. Ní 2016, wọ́n tún fi ìbò ṣí i. Ní oṣù kẹta 2025, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí àṣẹ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba. Tiwa náà ńkọ́? Ní 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú wa dùn, a tilẹ̀ ń rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Láàárín gbogbo àṣẹ òkè yìí, ìwé Garza wà nínú ilé àwọn èèyàn, ọmọ ń ṣí i.

Àwa tí a wà lókè Ọya níhìn-ín ló kàn jù. Ẹ lọ sí Sábọ̀n Gàrí ìlúkílùú, ẹ tẹ́tí sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀. Háúsá ló ń sọ nígbòrò, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ nílé ìwé, Yorùbá tó ń gbọ́ kò ju «wá jẹun» àti «máa lọ sùn» lọ. Tó bá bá wọn relé ọdún, ìyá àgbà á sọ̀rọ̀, ọmọ á wo ẹnu ìyá rẹ̀ kó tó dáhùn. Ìwé tí irú ọmọ yìí nílò, kò sí ẹni tó máa ti Ìbàdàn kọ ọ́ wá. Nínú ìwé ọ̀hún, kí ọmọ rí ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń kí oníbàárà ní ìsọ̀. Kí ó rí bàbá àgbà tó ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn. Kí ó sì rí ìyá Háúsá aládùúgbò tó kọ́ ọ bí a ṣe ń po fúrà, nítorí òun náà wà lára àwọn tó tọ́ ọ dàgbà. Àwọn kan ní kí a kúkú fi èdè mẹ́ta kọ ọ́. A kò gbà. Ojú ewé kan kò gba ju méjì lọ, ṣùgbọ́n kí ìyá yẹn máa sọ Háúsá rẹ̀ nínú ìtàn bó ṣe ń sọ ọ́.

Yorùbá ni kó wà lókè, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pérépéré, kí lẹ́tà rẹ̀ má ṣe kéré sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn la kò ní dúnàá-dúrà lé lórí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ti ní àwọn yóò ya àwòrán rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ ló kù. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé fún ìsinmi, ẹ jókòó ti ìyá àgbà yín, ẹ ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ohun kan ṣoṣo: irú pípa, aró rírẹ, ohunkóhun tí ọwọ́ wọn mọ̀. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ má ṣe tún un ṣe, ẹ sì béèrè orúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti dé, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ ni kí ẹ kó o wá.